Ìgbésí Ayé Henry Moseley (1887-1915): Ẹni tí Ó Kọ́ Aráyé Bí a Ṣe Ń Ka Ohun tí Ó Wà Nínú Òkúta

Ìfáárà

Ní àsìkò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ kan, mo lọ ṣe àbẹ̀wò sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé-ìwé kan ní agbègbè Ajah. Àkàyé ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Àyọkà tí ó mú wá dá lórí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, àwọn ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, tí wọ́n ń rìn kiri lórí ilẹ̀ pupa ibẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ irú òkúta tí wọ́n bá pàdé fún àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́. Bí wọ́n ti kà á tán, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé irin wà nínú òkúta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí, nígbà tí ó jẹ́ pé yanrìn tí típà ń dà sí ojúlé wọn nígbà gbogbo, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún òun. Olùkọ́ náà dá a lóhùn pé ẹ̀rọ ni ó ń sọ ọ́, ó sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Mo gé máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, èmi tí mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àbẹ̀wò lórí itan kò mọ ìdáhùn náà ju bí òun ti mọ̀ ọ́n lọ.

Nígbà tí mo wá a kiri, ìdáhùn náà gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kú sójú ogun ní ọdún 1915. Ọdún 82 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó rìn lórí Máàsì gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí, ní ọ̀nà tí olùkọ́ Yorùbá tí kò kọ́ físíìsì yóò fi lè tún un sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìbí àti Ìdílé Rẹ̀

Henry Gwyn Jeffreys Moseley ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Harry ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é. A bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, ọdún 1887, ní Weymouth, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni bíni là á jọ. Bàbá rẹ̀, Henry Nottidge Moseley, jẹ́ onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi Challenger tí ó yí òkun ayé ká láàrin ọdún 1872 sí 1876 láti ṣe ìwádìí, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford. Bàbá bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, kọ́ni ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, John Gwyn Jeffreys, ìkarahun ìgbín inú omi àti ti ìṣáwùrú ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ tí ó sì ń ṣe àlàyé wọn.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1891. Ìyá rẹ̀, Amabel, ni ó tọ́ ọ dàgbà. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tí a lè mẹ́nu kàn kí a sì kọjá lọ. Ọ̀gbóǹtarìgì ni nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ní ọdún 1913 ni ó gba ipò kìíní láàrin àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ayò náà, ọdún yẹn kan náà ni ọmọ rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni mánigbàgbé.

Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ilé-ìwé Summer Fields ni ó kọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1901, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wọ Eton, ó sì gba ẹ̀bùn nínú físíìsì àti kẹ́mísìrì ní ọdún tí ó kẹ́yìn níbẹ̀. Láti ọdún 1906 ni ó ti wà ní Trinity College, Oxford. Ó jáde ní ọdún 1910 pẹ̀lú oyè ipele kejì. Mo mẹ́nu ba ipele kejì yìí nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n máa ń ka ara wọn sí ẹni tí kò wúlò mọ́ bí èsì ìdánwò kò bá rí bí wọ́n ti fẹ́.

Ní ọdún kan náà ni ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ernest Rutherford ní Yunifásítì Manchester. Ọmọ ilẹ̀ New Zealand ni Rutherford. Òun ni ó fi hàn ní ọdún 1911 pé átọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú èròjà ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní kóró líle kan ní àárín. Moseley ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá àyẹ̀wò lọ́sàn-án, ó sì ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, títí wọ́n fi fún un ní owó ìwádìí tí ó tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ni. Òṣìṣẹ́ kára ni. A gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ pé ó mọ ibi tí ènìyàn ti lè rí oúnjẹ jẹ ní Manchester ní aago mẹ́ta òru.

Iṣẹ́ tí Ó Ṣe

Kí ohun tí Moseley ṣe tó lè yé wa, a ní láti mọ wàhálà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1869, Dmitri Mendeleev ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà to gbogbo èròjà ìpìlẹ̀ tí a mọ̀ sínú àtẹ kan. Ìwọ̀n wọn ni ó fi tò wọ́n, èyí tí ó fúyẹ́ ṣíwájú, èyí tí ó wúwo tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò gbà kí a tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Kóbáàtì wúwo ju níkẹ́ẹ̀lì lọ díẹ̀, síbẹ̀ ìwà rẹ̀ fi hàn pé iwájú níkẹ́ẹ̀lì ni ó yẹ kí ó wà. Àwọn onímọ̀ ń fi ojú inú wò ó, wọ́n sì ń pààrọ̀ àyè fún wọn láìlè sọ ìdí. Èyí dàbí ìgbà tí a ń fi sísanra to àwọn ọmọ ìyá sí ipò àgbà. Agbẹjọ́rò ará Netherlands kan, Antonius van den Broek, ti dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà àyè tí èròjà wà nínú àtẹ jẹ́ iye agbára iná tí ó wà nínú kóró átọ́ọ̀mù rẹ̀. Àbá lásán ni. Kò sí ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ìtànṣán X-ray ni Moseley fi ṣe òṣùwọ̀n náà. Gbogbo wa ni a mọ ìtànṣán yìí ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ya àwòrán egungun tí ó ṣẹ́. Wilhelm Röntgen ni ó ṣe àwárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1895. Ní ọdún 1912, iṣẹ́ Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Munich fi hàn pé bí ìtànṣán náà bá kan òkúta dídán tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò, yóò fọ́nká sí ojú ibi tí a lè wọ̀n. William Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence sọ èyí di ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Moseley àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Galton Darwin, ọmọ-ọmọ Darwin tí gbogbo ayé mọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ irú èyí ṣiṣẹ́ ní Manchester. Nígbà tí ó yá, Moseley dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.

Bí ó ṣe ṣe é rèé. Ó mú túùbù gígùn kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó to ojú irin kékeré sínú rẹ̀ bí ojú irin rélùwéè, ó gbé ọmọ ọkọ̀ kan sórí rẹ̀, ó sì to ègé irin, bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti àwọn yòókù sórí ọkọ̀ náà. Okùn ṣẹ́dà tí àwọn apẹja ń lò ni ó fi ń fa ọkọ̀ yìí síwá-sẹ́yìn láti òde, kí ègé tí ó bá kàn lè wá sí ojú ibi tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń ya lù ú. Ìtànṣán X-ray tí ó bá jáde lára ègé náà yóò kan òkúta dídán, yóò sì ti ibẹ̀ lọ fi ìlà sílẹ̀ lórí gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá rántí ọmọ ọkọ̀ yìí, tí mo tún rántí àwọn ọkọ̀ tí ó wà lórí Máàsì lónìí.

Ní ìparí ọdún 1913, ó tẹ èsì èròjà mẹ́wàá jáde, láti kalísíọ́ọ̀mù títí dé síǹkì. Àwọn ìlà náà kò ṣe ségesège rárá. Bí a bá kúrò lórí èròjà kan bọ́ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, skúwéè rúùtù iye ìgbà tí ìgbì ìtànṣán náà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan a máa fi iye kan náà lé sí i, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn tí gbogbo ìpele rẹ̀ dọ́gba. Kóbáàtì bọ́ sí 27, níkẹ́ẹ̀lì bọ́ sí 28, ìwúwo wọn ìbáà rí bó ṣe wù ú. Nọ́ńbà átọ́ọ̀mù tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama di ohun tí a lè wọ̀n láti ọjọ́ náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi agbo ilé ṣe àpèjúwe. Kóró átọ́ọ̀mù ni baálé tí ó jókòó sí àárín. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ará ilé, àwọn kan wà ní yàrá tí ó súnmọ́ baálé, àwọn mìíràn wà ní yàrá òde. Bí nǹkan bá ti ìta wá, tí ó lé ẹni tí ó súnmọ́ baálé jù lọ jáde, ọ̀kan nínú àwọn ará òde yóò sáré bọ́ sí àyè rẹ̀. Agbára tí ó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ bí ó ti ń wọlé ni ó ń di ìtànṣán X-ray. Bí baálé bá ṣe lágbára tó ni ìtànṣán náà yóò ṣe le tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọn ìtànṣán ti mọ baálé, bí kò tilẹ̀ wọ agbo ilé náà rí. (Mo ṣe àpèjúwe yìí nítorí pé èdè-ìperí tí àwọn àgbà wa ti ṣe, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Ti físíìsì kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, ó sì ṣeé ṣe. Iṣẹ́ náà ṣì ń dúró de ẹni tí yóò gbé e dé ilé-ìwé girama.)

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ ọdún 1913 yìí tí ó yẹ kí ó wú Yorùbá lórí. Nígbà tí ó kan síǹkì, idẹ ni Moseley fi síbẹ̀. Àwọn ìlà tí ó jáde jẹ́ ti bàbà àti ti síǹkì pọ̀, nítorí àdàlù àwọn méjèèjì ni idẹ. Nínú kóbáàtì rẹ̀ pẹ̀lú, ó rí ìlà irin àti ti níkẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó farapamọ́ síbẹ̀. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà yìí lè di ohun èlò alágbára láti fi mọ ohun tí ó wà nínú ohunkóhun. Àwọn asúdẹ Ilé-Ifẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ láàrin bàbà àti idẹ láti àtayébáyé. Àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn orí tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 jẹ́ idẹ, nígbà tí ìbòjú Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́nńbélé.

Ní òpin ọdún 1913, Moseley padà sí Oxford, níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Wọ́n fún un ní àyè nínú yàrá àyẹ̀wò, wọn kò fún un lówó oṣù. Níbẹ̀ ni ó ti bá iṣẹ́ náà dé orí wúrà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 79. Àtẹ̀gùn náà dọ́gba débi pé ìpele tí ó yẹ̀ hàn kedere. Ó sọ pé èròjà kan ṣì kù ní 43, òmíràn ní 61, òmíràn ní 75. Ní ọdún 1914, Georges Urbain wá láti Paris, ó kó àwọn èròjà tí ó ṣọ̀wọ́n wá, àwọn tí ó ti fi ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yà sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, Moseley sọ èyí tí ó wà níbẹ̀ àti èyí tí kò sí fún un. Èròjà tuntun tí Urbain lérò pé òun ti rí kò fi ìlà kankan hàn ní àyè tí ó yẹ kí ó wà.

Ogun àti Ikú Rẹ̀

Ní àárín ọdún 1914, Moseley àti ìyá rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà fún ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé náà, ó padà sílé kánkán, ó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni kí ó fi sin ilẹ̀ rẹ̀. Kò gbà. N kò mọ bí a ṣe lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó lọ, àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ tiwa náà sì ń jà ní Kamẹrúùnù nígbà náà, nínú ogun tí kì í ṣe àwọn ni ó dá a sílẹ̀.

Wọ́n rán an lọ sí Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tí ó ń mójú tó ìfìròyìnránṣẹ́ fún ẹ̀ka ọmọ ogun kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọdún 1915, ó ń fi tẹlifóònù jíṣẹ́ àṣẹ ogun lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn bà á lórí. Ọmọ ọdún 27 ni. A kò mọ ibojì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára òkúta ìrántí ní Helles. Ìwé ìhágún rẹ̀ fi hàn pé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a mọ̀ sí Royal Society ni ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún, kí wọ́n máa fi ṣe ìwádìí. Gbogbo ọdún tí ó fi ṣe iṣẹ́ X-ray kò pé méjì.

Ẹ̀bùn Nobel kì í kan òkú. Charles Barkla, tí òun náà ṣiṣẹ́ lórí ìtànṣán X-ray, gba ti ọdún 1917, Manne Siegbahn ti ilẹ̀ Sweden sì gba ti ọdún 1924 lórí irú àwọn ìlà tí Moseley ń wọ̀n. Èròjà tí ó kù ní 75 di rírí ní ọdún 1925, ti 43 ní 1937, ti 61 ní 1945. Wọ́n tilẹ̀ ti rí ti 72, tí Urbain ń wá, ní Copenhagen ní 1923, ìtànṣán X-ray ni wọ́n sì fi dá a mọ̀.

Láti Manchester dé Máàsì

Ọkọ̀ Sojourner gúnlẹ̀ sórí Máàsì ní oṣù Keje, ọdún 1997. Spirit àti Opportunity tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní, ọdún 2004, Curiosity dé ní ọdún 2012. Gbogbo wọn ni ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Ọkọ̀ náà yóò gbé ẹ̀rọ yìí lé òkúta. Èròjà olóró kan tí ń jẹ́ kúríọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, tí ń ta ìtànṣán sí òkúta náà láìdúró, tí ń lé àwọn ará ilé jáde nínú àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìtànṣán X-ray tí ó bá jáde ni ẹ̀rọ náà ń gbà, fún wákàtí púpọ̀, àgàgà lóru tí ibẹ̀ bá tutù.

Ohun tí ẹ̀rọ náà fi ránṣẹ́ ní tútù kò ju òǹkà lọ: ìgbà mélòó ni ìtànṣán tí agbára rẹ̀ tó báyìí wọlé, ìgbà mélòó ni èyí tí ó lágbára jù ú lọ wọlé. Bí a bá fi ya àwòrán, yóò dàbí òkè kéékèèké lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Dátà tútù yìí dàbí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Kí ó tó di gàrí, a ó bó o, a ó rin ín, a ó fún omi rẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó yan án. Bákan náà ni àwọn onímọ̀ ń yọ ìtànṣán tí ó wá láti ara kúríọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe nítorí ooru àti òtútù, tí wọ́n sì ń fi í wé òkúta tí a ti mọ ohun inú rẹ̀ ní ilé ayé. Àjọ NASA kó dátà tútù náà sí gbangba, ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á.

Ní ọdún 2004, Opportunity bá òkúta kan pàdé tí ohun inú rẹ̀ súnmọ́ ti ìdílé òkúta tí Zagami jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni Zagami ti já bọ́ láti ojú ọ̀run, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ọdún 1962, nítòsí Kàtsínà, ní ẹ̀bá àgbẹ̀ kan tí ń lé ẹyẹ ní oko àgbàdo rẹ̀. Ó wọn nǹkan bíi kílò 18. Máàsì ni ó ti wá. Ní ọdún 2007, ẹsẹ̀ Spirit kan tí ó ti kọṣẹ́ ń wọ́ nílẹ̀, ó sì hú ilẹ̀ funfun kan jáde. Ẹ̀rọ náà sọ pé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ sílíkà, ohun kan náà tí ó pọ̀ jù nínú yanrìn etí òkun Lẹ́kí.

Ní táàmù tí ó tẹ̀ lé e, mo padà lọ sí ilé-ìwé Ajah náà. Ọmọbìnrin yẹn ti bọ́ sí kíláàsì kejì. Mo kọ 6,400 sójú pátákó, mo ṣàlàyé fún wọn pé níbẹ̀ ni òkè kan wà nínú dátà tí ó wá láti Máàsì. Mo ní kí wọ́n fi 10.2 pín in, kí wọ́n wá skúwéè rúùtù èsì rẹ̀, kí wọ́n sì fi 1 kún un. Ó jáde sí nǹkan bí 26. Mo ní kí wọ́n wo àtẹ èròjà tí ó wà lẹ́yìn ìwé kẹ́mísìrì wọn, wọ́n sì rí irin níbẹ̀. Mo tún kọ 1,740, mo sì fa ṣọ́ọ̀kì lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Ó ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó tó dá a lójú. Ó kọ 14 sílẹ̀, ó wá a nínú àtẹ, ó ka sílíkọ́ọ̀nù, ó sì yíjú sí ojú fèrèsé, níbi tí típà kan ti ń da yanrìn sílẹ̀ ní òdì kejì ọ̀nà.